Ṣé Fíìmù Tí A Ò Rí Lè Gba Adé?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìjà ló bí àròkọ yìí o. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́, ìjà ẹnu ni. NEPA ti mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè kàwé, la bá kó ara wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹnì kan ṣáà bèèrè pé: "Nínú gbogbo fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti ṣe, èwo ni baba gbogbo wọn?" Háà! Ibẹ̀ ni ilé ti dàrú. Ọmọ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Ṣaworoidẹ ni, kò tún sí òmíràn. Ẹlòmíì ní Ọ̀run Móoru ni, pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti pa òun lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ká fi ti Yorùbá sílẹ̀, Titanic ni. A hó lé e lórí. Èmi tí mò ń ka Yorùbá, mo ti na ọrùn bí àkùkọ, mò ń ṣàlàyé bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìwé eré náà. Mo ní Ṣaworoidẹ ni, ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ ò parí. Màmá onílé wa, ọmọ Awa, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ó jẹ́ ká pariwo tán. Lẹ́yìn náà ló wá fi èdè Ìjẹ̀bú sọ ohun tí mo fẹ́ fi Yorùbá ìwé kọ síbí yìí: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló wo Ayé nínú yín?"

A wo ojú ara wa. Mo ní: "Ayé wo, Mà?"

"Ayé Ògúndé."

Kò sẹ́ni tó wò ó. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ ò wò ó, ẹ wá ń fi ẹlòmíì jọba."

Ó ní ọmọge lòun nígbà náà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ló wọ mọ́tò láti Awa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, olúkúlùkù di aṣọ ẹnì kejì rẹ̀ mú, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi sẹ́ni tó jẹ́ dá jáde lọ tọ̀ lóru. A bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe babaláwo kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá, tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ó sọ ọ́ títí ara wa fi bù máṣọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo tún lọ bá a pé kó tún un sọ. Ó tún un sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti yí díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti wò ó. Lọ́jọ́ kejì, pápá ilé-ìwé ni.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wá rí i pé ẹjọ́ ẹni tí kò sí ní kóòtù ni mo ti ń dá. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn àwọn fíìmù yìí palẹ̀, kí n lè mọ ohun tó ń sọ ọ̀kan di àgbà tí òmíràn ò fi ní orúkọ lẹ́nu àwa ọmọ ẹ̀yìn.

Kí la tiẹ̀ ń wò ká tó sọ pé fíìmù kan ni baba gbogbo fíìmù? Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ ìjà yẹn. Èkíní ni èrò: ta ló kó èrò jù? Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́: bí àwòrán ṣe dára tó, bí àwọn òṣèré ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó, bí èdè ṣe dùn tó. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí: ṣé ó ṣì ń bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún? Òṣùwọ̀n gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Màmá fi ẹ̀kẹrin hàn mí, òun sì ni ìpìlẹ̀ ìyókù: ṣé a rí i?

Àwọn òyìnbó náà ń ja irú ìjà yìí o, wọ́n tilẹ̀ ń dìbò sí i. Ìwé ìròyìn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Sight and Sound. Láti 1952, ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n ń bi àwọn alárìíwísí léèrè pé fíìmù wo ló dára jù láyé. Ní 1952, Bicycle Thieves ti ilẹ̀ Ítálì ló mókè. Citizen Kane tí Orson Welles ṣe ní 1941 kò sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ rárá. Ní 1962, Citizen Kane yìí kan náà gba ipò kìíní, ó sì jókòó síbẹ̀ títí kan ti 2002. Ní 2012, Vertigo tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1958 gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2022, ó bọ́ sọ́wọ́ Jeanne Dielman, tí obìnrin ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Chantal Akerman, ṣe ní 1975.

Ṣé ẹ rí i? Fíìmù wọ̀nyẹn ò yí padà, àwọn tó ń wò wọ́n ló ń yí padà. Kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí Citizen Kane láàrin 1952 sí 1962? Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kò pa owó tí wọ́n retí. Ṣùgbọ́n ní 1956 wọ́n tún gbé e padà sí sinimá, ó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ojú tó rí i wá pọ̀ sí i. Òun nìkan kọ́ ló gbé e dórí oyè, àmọ́ ká ní kò rí ojú tuntun wọ̀nyẹn ni, ta ni ì bá dìbò fún un?

Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo ilé tiwa wàyí.

Kí fíìmù Yorùbá tó dé, eré orí ìtàgé la ní, ọ̀gá pátápátá nínú rẹ̀ sì ni Hubert Ògúndé, tí wọ́n bí ní 1916 ní Ọ̀sọ́sà. Ọ̀sọ́sà yìí kò jìnnà sí wa o. Téèyàn bá dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ọlọ́pàá ni Ògúndé tẹ́lẹ̀. Ní 1944 ló gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó, lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó gbájú mọ́ eré ṣíṣe. Ní 1964, nígbà tó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí àwọn sójà gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, kí Ògúndé tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ti ìlú dé ìlú. Kò sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n.

Òun kọ́ ló ṣe fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́. Àjàní Ògún ni, ní 1976. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Adé Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì ni olú òṣèré, ó ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ tó ń bá olóṣèlú jà nítorí ilẹ̀ baba rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjà Òmìnira, tí wọ́n mú jáde látinú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ní 1979 ni Ayé wá dé. Eré orí ìtàgé Ògúndé fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di fíìmù, Ọlá Balógun náà ló sì bá a darí rẹ̀. Aiye ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ní àkọtọ́ àtijọ́ tí olùkọ́ wa á fi gègé pupa fà lára ìwé wa lónìí. Jáyésinmi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Ní 1990 ni Ògúndé kú sí Lọ́ńdọ̀nù.

Báwo wá ni àwọn èèyàn ṣe ń rí fíìmù nígbà náà? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fíìmù ayé ìgbà náà kì í ṣe sídì. Rolulu ńlá ńlá ni, inú agolo ni wọ́n ń kó o sí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń san án, nítorí náà ẹ̀dà rẹ̀ kì í pọ̀. Ta ló wá fẹ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́? Olówó fíìmù fúnra rẹ̀ tàbí àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń gbé e káàkiri bí ẹni ń gbé eégún lọ sóde. Wọ́n á ya ilé sinimá, tàbí gbọ̀ngàn ìlú, tàbí ọgbà ilé-ìwé. Wọ́n á gba owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi han èrò, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á di agolo wọn, ó di ìlú mìíràn. Ẹni tí kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún padà wá. Ó lè jẹ́ pé ibi tí Màmá ti ń pa gbọ̀ngàn pọ̀ mọ́ pápá nìyẹn: bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ló wò ó, tí kò rántí mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ahun ni wọ́n. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe Baba Sàlá.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà, olórin ni kó tó di aláwàdà. King Sunny Adé pàápàá ti lu gìtá lábẹ́ rẹ̀ rí. Òun ni Baba Sàlá tí í dé ìgò ojú ràgàjì, tó so aago ara ògiri mọ́ ọwọ́. Ní 1982, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì wa yìí sílẹ̀, ló gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun tún ni olùdarí. Ìtàn ọkùnrin kan ni tí àwọn gbájúẹ̀ gba tọwọ́ rẹ̀, tó lọ kó sódò, tó wá bára rẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Owó ńlá ni Baba Sàlá kó lé fíìmù yìí lórí. Kò tíì rí owó náà kó jọ tí àwọn paíréètì fi jí i dà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí wọ́n ń tà á kiri. Nígbà tí èèyàn ti lè wò ó ní pálọ̀, ta ló tún fẹ́ lọ tò sẹ́nu ọ̀nà sinimá? Gbèsè bo Baba Sàlá mọ́lẹ̀. Fíìmù nípa ọkùnrin tí wọ́n lù ní jìbìtì ni wọ́n fi lu ẹni tó ṣe é ní jìbìtì. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n títí tó fi kú ní 2018, ìtàn olè yìí ni wọ́n máa ń sọ mọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Ògúndé pa tirẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ olè. Ohun tó dáàbò bo àpò rẹ̀ yẹn náà ló gbé Ayé kúrò lójú àwa tí a bí lẹ́yìn. Mo ti wá a títí lórí àtẹ àwọn tó ń ta fíìmù ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, n kò rí i rà. Wọ́n jí ti Baba Sàlá, olè náà sọ ọ́ di aláìní. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì olè ló sọ Ọ̀run Móoru di ti gbogbo ilé, òun ló jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi lè fọwọ́ sọ̀yà nítorí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò gbóríyìn fún olè o. Mò ń sọ pé nígbà tí a bá ń pín ipò fún fíìmù, bí ẹ̀dà rẹ̀ ṣe rìn wà lára ohun tí à ń wọ̀n, bí a mọ̀ ọ́n bí a ò mọ̀ ọ́n.

Àsìkò Ṣaworoidẹ yàtọ̀. Láti 1986 tí ètò SAP ti dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀, owó tí wọ́n fi ń fọ fíìmù lókè òkun sì ga ju ohun tí apá ká lọ. Àwọn òṣèré kọjú sí fídíò. Túndé Kèlání, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ti gbé kámẹ́rà fún àwọn ará ìṣáájú nínú fíìmù bíi Ìyá ni Wúrà, ṣe Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993 àti Ó Le Kú ní 1997. Ní 1999 ló gbé Ṣaworoidẹ jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Orí kásẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí sídì, ilé ló ti wá bá wa. Èmi ò san owó ẹnu ọ̀nà kankan kí n tó wò ó. Ilé àbúrò màmá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i, mo sì ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ.

Ẹ mọ ìtàn náà. Ní ìlú Jogbo, ọba gbọ́dọ̀ ṣe orò kan tó so òun, adé àti ìlù ṣaworoidẹ pọ̀, kó má baà lè fi ìlú jẹ. Lápìtẹ́ kọ orò náà nítorí owó ló fẹ́ kó. Àwọn onígẹdú ń gé igbó ìlú, owó ń wọ àpò ọba àti àwọn ìjòyè. Sójà kan, Lágàtà, wá gbàjọba. Ó dé adé, wọ́n lu ìlù, ó kú. Ọdún tó ṣáájú ni Abacha kú. Ní May 29, 1999, ìjọba padà sọ́wọ́ alágbádá. Gbogbo ẹni tó wò ó nígbà náà mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ti sójà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró sẹ́bàá títì ní Ìjẹ̀bú-Igbó rí, tí tírélà tó kó igi gẹdú ti kọjá lára yín, tí ilẹ̀ mì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Orúkọ ìlú náà ní igbó nínú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn onígẹdú Jogbo, mi ò rò pé ìtàn ọba àtijọ́ ni mò ń wò. Títì wa ni mo rí. Sójà ti lọ tipẹ́, tírélà gẹdú ṣì ń kọjá. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé fíìmù náà kò kú mọ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ tún wá fi èdè Ìṣọ̀lá kún un, àti ẹnu Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Baba Ọ̀pálábá, tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba bí kò bá fi òwe yí i ká.

Níbí ni mo ti wá rí nǹkan kan. Fálétí yìí ni ìwé rẹ̀ bí Ìjà Òmìnira. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ inú Ṣaworoidẹ ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love tó ṣe Àjàní Ògún; ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ eré. Kèlání fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn kámẹ́rà àwọn ará ìṣáájú ló ti kọ́ṣẹ́. Àṣé àwọn tí mo fi Ṣaworoidẹ borí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn náà ló gbé e pọ̀n. Mo sì ti sọ ọ́ di ọba láìbi àgbà léèrè. Kí ni fíìmù náà fúnra rẹ̀ sọ nípa ọba tó dé adé láìṣe orò? Adé Lápìtẹ́ ni mo fi dé e lórí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ò gbà. Ó ní: "Ohun tí kò bá sí níwájú adájọ́, adájọ́ ò lè rí i. Ìrántí Màmá kì í ṣe fíìmù." Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ò ní fi Ayé sí ipò kìíní nítorí pé ẹ̀rù ba ọmọge mẹ́rin. Bóyá ẹ̀rù náà ti wà nínú wọn kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ ò rí, kò tún gbọdọ̀ dá a lẹ́bi. Ìdájọ́ mi nìyí: Ṣaworoidẹ ni fíìmù Yorùbá tó dára jù nínú èyí tí mo tíì rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn yẹn, "tí mo tíì rí", mi ò sọ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ ìjà. Wọ́n ni mo wá fi kún un.

Ìrètí ṣì wà fún èyí tí a ò rí. Vertigo tó gba ipò kìíní ní 2012 yẹn, Hitchcock fúnra rẹ̀ ló tì í mọ́lé fún bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀, ní 1983, ni wọ́n tó tún gbé e jáde, ó sì ń gòkè títí ó fi dé òkè pátápátá. Ìyẹn ni pé a lè ti fíìmù mọ́lé kó ṣì jọba lọ́la. Àmọ́ ó níbi tó mọ. Rolulu fíìmù kì í ṣe irin. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, á ká kò, àwòrán á parẹ́. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú sí ibi tútù nìkan ló ń pẹ́. Ojú tó rí i náà kò sì ní wà títí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1979 ti lé ní ọgọ́ta báyìí.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan rèé fún ẹ̀yin tó ń ka ìwé wa yìí. Tẹ́ ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà yín pé fíìmù wo ni wọ́n wò, níbo, èló ni wọ́n san, kí ni wọ́n rántí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kódà bó bá yí lọ́jọ́ kejì. Kò ní di fíìmù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí agolo bá ṣí, a ó mọ ohun tó yẹ ká máa wá nínú rẹ̀.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Màmá ń rin ewùrà tó fẹ́ fi se ìkókóré, mo ní: "Mà, tí wọ́n bá gbé Ayé wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, ṣé ẹ máa lọ?"

Ó dáwọ́ dúró. Ó ní: "Màá lọ. Ìyá àgbà kan wà nílé wa ní Awa nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí a wò ó tán, àwa ọmọge ò súnmọ́ ọn mọ́. Kò ṣe wá ní nǹkan kan o, ó ṣáà darúgbó ni. Ẹjọ́ wa ni, kì í ṣe ẹjọ́ Ògúndé. Mo fẹ́ tún un wò, nísinsìnyí tí èmi náà ti darúgbó."

Ó padà sídìí ewùrà rẹ̀. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀.